Ta ni Commelin, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe koríko oko wa?

Ẹ ti rí koríko yìí rí, àfi bí ẹ kò bá tíì dé oko rí. Ó máa ń fà nílẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀, ó ní oríkèé bí ìka ọwọ́, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ aró tó mọ́ rekete. Bí ẹ bá ro ó kúrò lórí ebè tí ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òjò sì rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, oríkèé kọ̀ọ̀kan tó bá kan ilẹ̀ á yọ gbòǹgbò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó tún bá a níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ gbìn ín. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àwọn kan ń pè é ní gọ̀dọ̀gbọ̀dọ̀. Lára ike oògùn apakoríko, Commelina ni wọ́n kọ.

Orúkọ yìí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lóko ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọmọkùnrin kan tó wá bá wa ro ẹ̀gẹ́ fi fóònù ya koríko náà, fóònù sì gbé orúkọ jáde: Commelina benghalensis. Ló bá dọ̀rọ̀. Ẹnìkan ní òyìnbó kan tó ń jẹ́ Commelin ló gbé koríko náà wá bá wa. Ẹlòmíràn ní rárá, ará Íńdíà ni koríko náà, ṣé a kò rí Bengal nínú orúkọ rẹ̀ ni? Ẹ̀kẹta ní Commelin ló kọ́kọ́ rí i láyé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ní, "Kí n tó mọ̀ pé òyìnbó wà, mo ti ń ro gọ̀dọ̀gbọ̀dọ̀."

Àwọn ni wọ́n sún mọ́ òótọ́ jù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù ni kò tọ̀nà, àṣìṣe wọn kì í sì í ṣe ti oko wa nìkan. Ibi gbogbo tí wọ́n ti ń dárúkọ ewéko lọ́nà sáyẹ́ǹsì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ẹni tí Commelin jẹ́, iṣẹ́ tó ṣe, àti bí orúkọ rẹ̀ ṣe rin ìrìn àjò dé etí ebè wa.

Kí ni onímọ̀ ewéko, kí ni ọgbà ewéko?

Onímọ̀ ewéko ni ẹni tó fi ewéko ṣe ẹ̀kọ́: bó ṣe ń hù, bó ṣe ń so, èyí tó bá èyí tan, èyí tó jọra ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Òun kọ́ ló dá ewéko, kò sì pọn dandan kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ rí i. Ìyá àgbà tó lè fi òórùn nìkan mọ efinrin wẹ́wẹ́ yàtọ̀ sí efinrin ńlá ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí onímọ̀ ewéko fi kún un ni pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń ya àwòrán rẹ̀, ó sì ń wá orúkọ tí ẹni tó wà ní ìlú òkèèrè yóò fi mọ̀ pé ewéko kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ọgbà ewéko kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́ lásán, kì í sì í ṣe oko. Ẹ rò ó bí ilé ìkàwé tí ìwé inú rẹ̀ jẹ́ ewéko ààyè. Wọ́n á gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n á wá wò ó fúnra rẹ̀.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ wa ti ṣẹlẹ̀ ni Amsterdam, ní Nẹ́dálándì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àǹkárá mọ̀ ọ́n sí Họ́láńdì. Họ́láńdì jẹ́ apá kan lára orílẹ̀-èdè náà, apá tí Amsterdam wà, ó sì lókìkí débi pé orúkọ rẹ̀ bo orúkọ yòókù mọ́lẹ̀.

Ta ni Jan Commelin gan-an?

Wọ́n bí Jan Commelin ní ìlú Leiden lọ́dún 1629. Isaac ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, òǹkọ̀wé ìtàn ni, ó sì kó ìròyìn ìrìn àjò àwọn ọkọ̀ Nẹ́dálándì sí Ìlà-Oòrùn jọ sínú ìwé lọ́dún 1646. Casparus, arákùnrin Jan, ń ta ìwé ní Amsterdam. Ilé ìwé ni ilé wọn, ṣùgbọ́n Jan yan òwò. Ewé, egbò, èèpo igi àti èròjà oògùn ló ń kó tà fún àwọn tó ń po oògùn àti fún àwọn ilé ìwòsàn, ní Amsterdam àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ó là gan-an nídìí iṣẹ́ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yé yín kíákíá, ẹ lọ sí ìsọ̀ lékulẹ́ja lọ́jà èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo bí ìyá tó ń tajà ṣe ń na ọwọ́ sí èèpo igi tó gbẹ, tí kò ní ewé lára mọ́, tí ọgbọ̀n irú rẹ̀ sì wà nínú agbọ̀n kan náà, tí yóò mú èyí tí ẹ béèrè láìṣì í mú. Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á fi eyín gé e tọ́ wò. Iṣẹ́ tí Jan Commelin ń ṣe nìyẹn, àfi pé ọjà tirẹ̀ tóbi, ọkọ̀ ojú omi sì ni ẹrù rẹ̀ ń bá wọlé láti Íńdíà, Sílónì (Síríláńkà lónìí) àti Gúúsù Áfíríkà. Àṣìṣe kò gba eré nídìí irú òwò bẹ́ẹ̀. Bí atukọ̀ bá kó èèpo igi kan wá tó ní òun ni wọ́n ń lò fún ibà, tó sì jẹ́ pé òmíràn ni, ẹni tó mu ún lè kú.

Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọjà ló kọ́kọ́ là á lójú. Ẹni tí ìṣòwò rẹ̀ dúró lórí mímọ ewé kan yàtọ̀ sí èkejì yóò wo ewé dáadáa ju ẹni tó kàn ń kà nípa rẹ̀ lọ.

Ó ní ilẹ̀ kan nítòsí Haarlem tó ń jẹ́ Zuyderhout, níbi tó ti ń gbin àwọn ewéko ilẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún 1676 ó tẹ ìwé kan jáde, *Nederlantze Hesperides*, nípa bí a ṣe lè tọ́jú ọsàn àti òroǹbó ní Nẹ́dálándì. Létí wa, ọsàn gbígbìn kò gba ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ronú ilẹ̀ tí omi odò ti ń dì, tí yìnyín ń bo gbogbo nǹkan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Inú ọpọ́n igi ńlá ni wọ́n ń gbin ọsàn sí níbẹ̀, kí wọ́n lè gbé igi náà wọlé bí òtútù bá dé, kí wọ́n sì tún gbé e jáde bí oòrùn bá padà. Àwọn ọlọ́rọ̀ ló lè ṣe é, nítorí ó gba ilé, iná àti òṣìṣẹ́.

Kò kọ ojú sí ti òkèèrè nìkan. Lọ́dún 1683 ó kọ ìwé mìíràn tó to orúkọ àwọn ewéko tó ń dá hù ní Họ́láńdì fúnra rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, etí odò, ẹ̀bá ọ̀nà àti inú pápá. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ọkùnrin tó rí owó nínú egbò Íńdíà tún bẹ̀rẹ̀ wo koríko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi dá ọgbà Amsterdam sílẹ̀?

Nítorí ìlera ni. Láyé ìgbà yẹn, ewé àti egbò ni ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn. Àjàkálẹ̀ àrùn jà ní Amsterdam láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 1638, ìlú náà dá ọgbà kan sílẹ̀ tí àwọn oníṣègùn àti àwọn tó ń po oògùn yóò ti máa kọ́ ewéko. Orúkọ Látìnì tí wọ́n fún un ni Hortus Medicus, ìyẹn ọgbà ìṣègùn.

Lọ́dún 1682, wọ́n tún un dá sí ilẹ̀ tuntun ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Plantage. Àwọn méjì ló gbé e ró. Ọ̀kan ni Joan Huydecoper, tó wà lára àwọn mẹ́rin tó ń darí ìlú, tó sì tún jókòó nínú ìgbìmọ̀ Ilé-iṣẹ́ Ìlà-Oòrùn Íńdíà, ilé-iṣẹ́ òwò ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1602. Èkejì ni Jan Commelin, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú pẹ̀lú. Huydecoper ní agbára lórí ọkọ̀, Commelin ní ojú fún ewéko. Lẹ́tà lọ sí Cape ní Gúúsù Áfíríkà, lẹ́tà lọ sí Sílónì: ẹ fi irúgbìn ránṣẹ́, ẹ fi egbò ránṣẹ́, ẹ fi ààyè igi ránṣẹ́ bí ó bá ṣeé ṣe.

Fífi ránṣẹ́ kò le tó kó dé láàyè. Oṣù pípẹ́ lọkọ̀ ń lò lójú omi. Iyọ̀ òkun ń fọ́n sí ewé, omi mímu kò tó ènìyàn ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ igi, eku ń jẹ irúgbìn. Ìdí nìyẹn tí ewéko tó ní iṣu tàbí àlùbọ́sà nídìí fi ń dé ju àwọn yòókù lọ, nítorí wọ́n lè sùn nínú iyanrìn gbígbẹ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Èyí tó bá sì dé láàyè, òtútù ló tún ń dúró dè é. Ilé gíláàsì ni wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ gbígbóná, wọ́n sì ń dáná sí i. Ohun tí wọ́n ń fi dáná ni ilẹ̀ dúdú kan tí wọ́n ń wà nínú irà, tí wọ́n ń sá gbẹ bí ẹni sá èlùbọ́, tó sì ń jó bí igi ìdáná.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kò yẹ ká fò. Àwọn ọmọ ìlú yìí kan náà ní ilé-iṣẹ́ kejì, ti Ìwọ̀-Oòrùn Íńdíà, òwò ẹrú sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní Offra, nínú ilẹ̀ ọba Allada, tó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin lónìí, wọ́n ní ibùdó tí wọ́n ti ń ra ènìyàn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ewéko láti Suriname àti Curaçao, àwọn ilẹ̀ tí Nẹ́dálándì ń ṣàkóso ní agbègbè Amẹ́ríkà, dé ọgbà Amsterdam lójú ọ̀nà òwò tí wọ́n fi ń kó àwọn ènìyàn wa kọjá òkun. Ẹwà ọgbà náà kò pa èyí rẹ́, n kò sì ní kọ ìtàn rẹ̀ kí n yọ ọ́ kúrò.

Ta ló ya àwòrán wọn?

Ewéko tó bá ti gbẹ kò ní àwọ̀ mọ́, èyí tó sì wà láàyè lè kú lóru ọjọ́ kan tí iná ilé gíláàsì bá kú. Nítorí náà, láti ọdún 1686, wọ́n ní kí àwọn ayàwòrán máa ya àwọn ewéko ọgbà náà sórí awọ ẹran tí wọ́n ti fá, tí wọ́n dán bíi bébà. Jan Moninckx àti Maria Moninckx ló ya èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó fi di ọdún 1709, àwòrán náà ti di 420, nínú ìdìpọ̀ ńlá mẹ́jọ. Wọ́n ṣì wà ní Yunifásítì Amsterdam.

Àwọn àwòrán yìí ló mú kí iṣẹ́ Commelin pẹ́ láyé. Òun fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 1692. Ìwé ńlá tó fẹ́ fi àwọn ewéko ọgbà náà ṣe kò tíì jáde nígbà náà. Àwọn mìíràn ló parí apá kìíní, tó jáde lọ́dún 1697, ìbátan rẹ̀ ló sì ṣe apá kejì lọ́dún 1701. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìran tó tẹ̀lé e fẹ́ sọ ewéko Gúúsù Áfíríkà kan lórúkọ, tí wọn kò sì dé ibẹ̀ rí, àwòrán Amsterdam ni wọ́n ń ṣí wò. Àwọn orúkọ kan wà tí a ṣì ń lò lónìí tó jẹ́ pé ẹ̀rí tí wọ́n dúró lé ni àwòrán inú ìwé Commelin.

Ṣé òun ló ṣàwárí àwọn ewéko náà?

Rárá. Iṣẹ́ mìíràn tó ṣe ló fi èyí hàn kedere jù. Hendrik van Rheede, gómìnà fún Ilé-iṣẹ́ Ìlà-Oòrùn ní Malabar, ìyẹn Kerala ní gúúsù Íńdíà, kó àwọn ewéko ibẹ̀ jọ sínú ìwé onídìpọ̀ méjìlá, *Hortus Malabaricus*, tó ń jáde ní Amsterdam láti 1678 sí 1693. Lẹ́yìn ìdìpọ̀ kìíní, ẹni tó ń ṣe àlàyé sí i kú, Jan Commelin sì bọ́ sípò rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ewéko kọ̀ọ̀kan, kó wá a nínú àwọn ìwé àtijọ́, kó sọ bóyá èyí tí wọ́n ti mọ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn ni tàbí èyí tí kò sí nínú ìwé rí.

Ta ló wá ni ìmọ̀ inú ìwé náà? Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Itty Achudan. Ìran wọn ló ń ṣe ìṣègùn láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ní ìwé ewé tiwọn. Òun ló sọ orúkọ àwọn ewéko náà àti ohun tí wọ́n ń wò, lédè Malayalam tirẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Íńdíà mẹ́ta mìíràn, Ranga Bhat, Vinayaka Pandit àti Appu Bhat, dá sí i pẹ̀lú. Ẹ̀rí tí Achudan kọ lọ́dún 1675, ní ọ̀nà ìkọ̀wé ilẹ̀ wọn, wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí orúkọ ìbílẹ̀ lára àwòrán, wọn kò fi ti òyìnbó rọ́pò rẹ̀.

Inú mi máa ń dùn sí ìwé yìí, inú mi sì tún máa ń bàjẹ́, nítorí púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò dárúkọ ẹni tó júwe ewé. Onísègùn sọ̀rọ̀, akọ̀wé kọ ọ́, orúkọ akọ̀wé nìkan ló kù. Ti Achudan kò sọnù, a sì lè tọ́ka sí i lónìí, lẹ́yìn ohun tó lé ní 300 ọdún.

Commelin mélòó ló wà?

Mẹ́ta, ibẹ̀ ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Ìwé kan á sọ pé Commelin kú lọ́dún 1692, òmíràn á ní 1731, a ó rò pé ọ̀kan nínú wọn purọ́.

Jan ni èkíní, tí a ti ń sọ bọ̀. Caspar ni èkejì, ọmọ arákùnrin rẹ̀ tó ń tàwé. Òun kàwé ìṣègùn ní Leiden, ó gboyè lọ́dún 1694, ó wá sí ọgbà Amsterdam, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ lọ́dún 1706. Nígbà tí Maria Sibylla Merian, obìnrin ayàwòrán kan, tẹ ìwé rẹ̀ ńlá nípa kòkòrò Suriname jáde lọ́dún 1705, Caspar ló kọ àlàyé sí àwọn ewéko inú rẹ̀. Òun ló kú lọ́dún 1731. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ìdílé náà tó kú kó tó rí nǹkan kan gbé ṣe nídìí ìmọ̀ ewéko.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà lára òdòdó náà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi Commelina sọ ọ́ lórúkọ ni Charles Plumier, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà kan ará Faransé, tó rí irú ewéko náà ní àwọn erékùsù Karibéánì. Ó tẹ orúkọ náà jáde lọ́dún 1703 láti fi yẹ́ àwọn Commelin sí. Jan ti kú nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1737. Ó ní òdòdó náà ní ewé mẹ́ta: méjì ń dán lójú, bí àwọn Commelin méjì tó di gbajúmọ̀, ẹ̀kẹta kò hàn, bí èyí tó kú láìṣe nǹkan kan.

Ẹ lọ wò ó fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ, nítorí àárọ̀ ló ń ṣí. Bó bá fi di ọ̀sán, á ti rọ, á ti di bí omi aró tó gbẹ mọ́ ìka. Ewé kékeré kan tó ká bí ọwọ́ tí a fi bu omi ló ń mú un jáde. Bí ẹ bá fún un, omi tó ń yọ̀ á jáde sí yín lọ́wọ́. Ewé òdòdó méjì wà lókè bí etí ehoro, àwọ̀ aró. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀: ẹ̀kẹta wà níbẹ̀, ó kéré. Lára irú tí wọ́n ń pè ní Commelina erecta, tó pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà wa, ẹ̀kẹta náà funfun, ó sì kéré débi pé ojú lè fò ó. Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ewéko yìí ni wọ́n wò dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ "benghalensis"?

Kí Linnaeus tó dé, orúkọ ewéko nínú ìwé gùn bí oríkì. Bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ aloe kan, wọ́n á sọ lédè Látìnì pé aloe ilẹ̀ Áfíríkà, ẹni tí ewé rẹ̀ nípọn, tí ẹ̀gún rẹ̀ pupa, tí òdòdó rẹ̀ dorí kodò. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Commelin ń lò. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ rí ewéko náà lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà tuntun bá dé, wọ́n ní láti fi kún un kí wọ́n lè yà wọ́n sọ́tọ̀, oríkì á sì máa gùn sí i.

Lọ́dún 1753, Linnaeus gé gbogbo rẹ̀ sí méjì. Èkíní dà bí orúkọ agbo ilé, èkejì dà bí orúkọ tí à ń pe ọmọ. Commelina ni agbo ilé. Benghalensis, erecta àti diffusa jẹ́ ọmọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà L. lẹ́yìn orúkọ, Linnaeus ni, láti sọ ẹni tó tẹ orúkọ náà jáde. Kò túmọ̀ sí pé òun ló ni ewéko náà.

Benghalensis sì túmọ̀ sí "ti Bengal", ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti rí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ni orúkọ ń sọ, kì í ṣe ibi tí ewéko náà ti ṣẹ̀. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n bí lójú ọ̀nà tí wọ́n sọ ní Abíọ́nà. Ojú ọ̀nà kọ́ ni ìlú rẹ̀. Koríko yìí jẹ́ ọmọ ilẹ̀ gbígbóná Éṣíà àti ti Áfíríkà pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò gbé e wá bá wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jàre.

Nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń dáko, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: benghalensis ń so sí abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní òdòdó kéékèèké tí kì í ṣí, lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì ń ní èso láìrí oòrùn. Oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní glyphosate kì í tètè rí i gbé ṣe. Ẹ kó èyí tí ẹ bá ro kúrò lóko pátápátá, kí oòrùn pa á lórí òkúta.

Kí ló kan ọ̀pẹ wa nínú ọgbà Amsterdam?

Ó kàn án gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kọfí. Lọ́dún 1706, nígbà ayé Caspar, igi kọfí kan dé ọgbà náà láti erékùsù Java, ní Indonéṣíà òde òní. Ó yè, ó tan òdòdó, ó so. Ọdún 1714 ni Amsterdam fi ọmọ rẹ̀ kan ta ọba Faransé, Louis kẹrìnlá, lọ́rẹ. Láti ọgbà ọba ní Paris, ìran rẹ̀ dé Martinique, erékùsù kan ní Karibéánì, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì tàn dé àwọn ilẹ̀ mìíràn ní agbègbè náà. Nígbà tí oko kọfí gbilẹ̀ ní Kúbà, àwọn Lukumí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, wà lára àwọn tí wọ́n ń fi tipátipá mú ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ti ọ̀pẹ pẹ́ lẹ́yìn àwọn Commelin, ṣùgbọ́n ọgbà tí Jan gbé ró náà ni. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ pé lẹ́yìn òmìnira ni àwọn ará Malaysia wá sí Nàìjíríà wá gba èso ọ̀pẹ, tí wọ́n sì fi là ju wá lọ. Ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1848 ni wọ́n gbin ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin péré sí ọgbà ewéko ìjọba Nẹ́dálándì ní Bogor, lérékùsù Java. Méjì gba ọ̀dọ̀ ọgbà Amsterdam kọjá, méjì wá láti àwọn erékùsù Òkun Íńdíà. Ìran àwọn mẹ́rin yìí ni wọ́n kó lọ sí Sumatra, erékùsù tó wà nítòsí Java, níbi tí oko ọ̀pẹ olówò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1911, tó sì dé Malaysia lọ́dún 1917. Nígbà náà, Nàìjíríà tiwa ṣì ń ta epo ọ̀pẹ fún ayé.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí a ń gbọ́, síbẹ̀. Oko tó jẹ́ pé láti ara igi mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ẹ̀jẹ̀ wọn ti sún mọ́ra jù. Bí àrùn bá mú ọ̀kan, ó lè mú gbogbo wọn, ìdàgbàsókè wọn á sì ní ibi tó mọ. Nítorí náà, ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ láti Malaysia wá, àwọn àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ wa tó wà nítòsí Ìlú Benin sì jọ wọ inú igbó ọ̀pẹ Nàìjíríà lọ ṣa èso, kí wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ tuntun kún ti àwọn ọmọ Bogor.